Bàbá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: kí ni ká kọ sára sàréè wọn?

Ìyá Ìbejì, Àjárá:

Ẹ kú ilé o, gbogbo ará. Bàbá ọkọ mi papò dà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni ọdún 84. Akọ̀wé ìjọba tó fẹ̀yìn tì ni gbogbo Àgbádárìgì mọ̀ wọ́n sí. Ìgbà tí wọ́n kú tán ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ là á fún wa pé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n, pé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n wà fún ọdún púpọ̀.

Ìyẹn kọ́ ló dìjà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyá kan wá láti Gánà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún. Wọ́n sunkún ju àwa tí a ni òkú lọ. Ìyá náà ní nígbà "Ghana Must Go" ní 1983, bàbá fi òun àti ìkókó òun pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, nígbà tí gbèdéke ìjọba ti kọjá. Ó wọ yàrá náà, ó fọwọ́ pa ògiri, ó ní fèrèsé kan wà níbí rí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa fèrèsé kankan nínú àwa ọmọ ilé. Ìyá ọkọ mi nìkan ló dákẹ́.

Ẹni tó ń gbẹ́ mábù sàréè ti ń pe fóònù lójoojúmọ́. Ọkọ mi ní ká kọ "Akọni". Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní arúfin ni bàbá lọ́jọ́ náà, pé iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó fún wọn láti ṣe ni wọ́n kọ̀ tí wọn ò ṣe. Ó ní ká kọ "Òṣìṣẹ́ ìjọba", ká panu mọ́. Ẹ gbà mí o.

———

Ọmọ Gberefu:

Ìyàwó wa, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yìn bàbá á dára.

Mo ti ka èsì tó wà nílẹ̀ kí n tó kọ tèmi. Àwọn kan ní amí ni amí, ẹnu wọn ló ń kó èèyàn sẹ́wọ̀n, kò sí akọni níbẹ̀. Àwọn míì ní owó oṣù ni bàbá ń gbà, ẹni tó gbowó iṣẹ́ kò tún lè gba oríkì mọ́ ọn. Àwọn kẹta wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín. Mi ò bá ẹnì kankan nínú wọn lọ tààrà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ná.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1983 ni ìjọba Ṣàgàrí kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Gánà ló pọ̀ jù, bíi mílíọ̀nù kan. Rawlings, olórí Gánà, sì rèé, ó ti ti ẹnubodè Gánà pa láti oṣù kẹsàn-án ọdún tó ṣáájú. Tógò ò fẹ́ kí èrò há sọ́rùn òun, ó ti tiẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ náà ti tiẹ̀. Gbogbo wọn wá kó jọ sí Sẹ̀mẹ̀ bí ẹja inú àwọ̀n, títí di ọjọ́ 29 oṣù náà tí Gánà ṣí.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, omi inú ọ̀rá ni mo ń tà. Obìnrin kan pè mí, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, báàgì alápótí-alápótí tí ẹ mọ̀ yẹn lábẹ́ ìdí rẹ̀. Kò ní owó. Ó tú báàgì, ó yọ síbí irin kan, ó ní kí n gbà á fún omi méjì. Mo gbà á. Ìyá mi rí síbí náà lálẹ́, ó bi mí ibi tí mo ti rí i. Ẹgba tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò tíì gbàgbé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohun tí bàbá ṣe kéré, kó kọ́kọ́ sọ ibi tí òun wà lọ́sẹ̀ yẹn.

———

Ọmọ Gberefu:

Ẹnìkan bi mí pé ṣé mo lè dárúkọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo, níbikíbi láyé, tó fi iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ gba èèyàn là. Mo lè dárúkọ. Ẹ fọkàn balẹ̀ gbọ́ o, torí ọ̀rọ̀ ìwé àti òǹtẹ̀ ni, àwa ará ẹnubodè la sì mọ ohun tí òǹtẹ̀ ń ṣe fún ọmọ èèyàn.

Frank Foley ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Ìlú Ọba ni, ó kúrú, ó ń wo gíláàsì. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní ọjà Àgbálátà, ẹ ò ní wẹ̀yìn wò ó. Láti àwọn ọdún 1920 títí di oṣù kẹjọ ọdún 1939, Berlin ló wà, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní físà Ìlú Ọba àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ òde nìyẹn. Lábẹ́ aṣọ, òun ni olórí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ìlú Ọba ní gbogbo Berlin.

Hitler gorí àlééfà ní 1933, àwọn Júù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtijáde. Wọ́n ń tò síwájú ọ́fíìsì Foley láti àárọ̀ kùtù. Ibi tó le sí nìyí: ọ̀nà kan tó ṣí sí Palẹ́sítínì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, ni pé kéèyàn fi 1,000 pọ́n-ùn hàn pé òun ní. Owó ilé ni lásìkò yẹn. Ìjọba Jámánì kò sì jẹ́ kí Júù kó owó jáde. Ìwé òfin ní "mú owó wá", ẹni tó ń lé wọn jáde ní "ẹ ò ní mú owó lọ".

Obìnrin kan dé iwájú Foley, pọ́n-ùn mẹ́wàá péré ló ní. Foley ní kí ó tó gúnlẹ̀ sí èbúté Haifa, ìyókù á ti máa dúró dè é níbẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ọkùnrin míì mú lẹ́tà wá pé ẹnìkan máa yá òun ní odidi owó náà; òun mọ̀, Foley náà mọ̀ pé owó yẹn kò ní fẹsẹ̀ rìn dé ibì kankan. Ó lu òǹtẹ̀ sí tiẹ̀ náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1938, wọ́n dáná sun ilé ìsìn àwọn Júù káàkiri Jámánì, wọ́n kó ọkùnrin bíi 30,000 lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni. Ẹni tó bá lè fi hàn pé òun ní ìwé àtijáde lè rí ìtúsílẹ̀. Foley mú físà lọ sínú àgọ́ Sachsenhausen, ó fi yọ èèyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó fẹ́ ọmọbìnrin Jámánì tí kì í ṣe Júù, tó sì bímọ fún un. Físà méjì ló gbà: tiẹ̀, àti ti ọmọ ọwọ́ náà. Foley tún ń fi àwọn tí wọ́n ń wá pamọ́ sínú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé.

Iye èèyàn tí wọ́n ṣírò pé ó yọ lé ní 10,000. Ọmọ inú ilé wo ni kò ní fi ìyẹn yangàn? Síbẹ̀, nígbà tó kú ní 1958, ará àdúgbò tó fẹ̀yìn tì jẹ́jẹ́ ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, àfi àwọn díẹ̀. Bíi bàbá yín gẹ́lẹ́.

———

Ọmọ Gberefu:

Mo ti rí i pé ẹnìkan ti ń bínú: "Ṣé Òyìnbó nìkan ló ní akọni ni? Ilẹ̀ tó sì ń kó wọn lọ, ṣé kò ní onílẹ̀ ni?" Ìbéèrè kejì yẹn, ìbéèrè gidi ni. Àwọn Lárúbáwá Palẹ́sítínì ti gbé ogun dìde lórí ẹ̀ láti 1936, ohun tó jẹ́ kí Ìlú Ọba dín àṣẹ ìwọlé kù ní 1939 nìyẹn, tí wọ́n fi 75,000 lélẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Mi ò ní parí ìjà yẹn níbí. Ẹni tó ń tò níwájú ọ́fíìsì, iná ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ti àkọ́kọ́, rárá. Ibi tí orúkọ wà nínú ìwé ni mo ti mú tiẹ̀ wá. Tiwa, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ̀ka kan nínú ọlọ́pàá, tí wọ́n ń pè ní "E", ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Dimka pa Múrítàlá, olórí ìjọba, ní oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba dá NSO sílẹ̀, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dá dúró. Ní 1986, Babangida pín in sí mẹ́ta: SSS fún abẹ́lé, NIA fún òkè òkun, DIA fún iṣẹ́ ológun. Mi ò bi yín léèrè èwo ni ti bàbá nínú wọn, ẹ má sì sọ fún wa. Ohun tí àwọn aráàlú sì ń rántí nípa irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láyé ológun kò dùn létí, ẹni tó pe amí ní ẹlẹ́nu búburú kò purọ́ pátápátá.

———

Ọmọ Gberefu:

Ọ̀rọ̀ owó oṣù. Kúkúrú ni mo fẹ́ sọ.

Wọn ò san owó oṣù fún Foley kó gba Júù là. Kó fetí léko, kó mọ iye ọkọ̀ òfurufú tí Jámánì ní, ohun tí wọ́n rán an nìyẹn. Gbogbo ìgbà tó bá tún lọ jà fún ẹnìkan lágọ̀ọ́, ó ń fi ojú ara rẹ̀ hàn fún àwọn tí kò yẹ kó fojú hàn. Kò ní ààbò tí wọ́n ń fún ikọ̀ ìjọba pẹ̀lú. Ẹni tó jókòó sórí irú àga kan náà ní Vienna, Thomas Kendrick, Gestapo, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Hitler, gbé e ní oṣù kẹjọ ọdún 1938, wọ́n fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lé e jáde. Foley gbọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ń fi èèyàn pamọ́ sílé.

Ìkọ̀kọ̀ yẹn gan-an ni àwáwí tó rọrùn jù. Ta ni ì bá bá a wí tó bá ní "ẹ má bínú, iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò jẹ́ kí n lè dá sí i"? Ó ní àwáwí, kò lò ó.

———

Ọmọ Gberefu:

Ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Ìbejì ti wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ ní bí òṣìṣẹ́ ẹnubodè kọ̀ọ̀kan bá ń yan òfin tó wù ú, ìlú á dàrú. Pé ohun tó ba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ jẹ́ nìyẹn.

Sà, ẹsẹ̀ yín wà nílẹ̀. Ogún ọdún ni mo fi bá àwọn èèyàn kó ẹrù gba ọ̀nà yẹn. Mo ti rí ibi tí páálí tó péye ti di èyí tí kò péye, tí ẹgbẹ̀rún méjì tún sọ ọ́ di èyí tó péye. Ẹ gbéra láti Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ tó dé Àgbárá, ẹ ó ti ṣí búùtù títí ọwọ́ á fi bó yín. Ọ̀gbẹ́ni tó dá yín dúró kò ka òfin, ojú yín ló ń kà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òfin tí wọ́n tẹ̀ náà doríkọ. Ọ̀kan ń tẹ̀ ẹ́ kí nǹkan lè wọ àpò tiẹ̀. Èkejì ń tẹ̀ ẹ́, ewu ló sì ń wọ ilé tiẹ̀. Àwọn tó jẹ́rìí sí ti Foley kò sọ pé ó gba kọ́bọ̀. Ìyá ará Gánà yẹn, kí ló fún bàbá yín? Bí ó bá fún wọn ní nǹkan, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, ẹ kọ "Òṣìṣẹ́ ìjọba", kó tán síbẹ̀. Bí kò bá fún wọn ní nǹkan, ẹ tún ọ̀rọ̀ rò. Ẹ pè é lórí fóònù. Ìbéèrè kan péré ni, kò gba ìpàdé ẹbí.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo gba síbí.

———

Ọmọ Gberefu:

Ẹnìkan mú ti Witold Pilecki wá, ọmọ ogun Póláǹdì. Ó ní tí a bá ń sọ akọni, òun ni ká sọ. Òótọ́ ni. Ní 1940, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwọn Jámánì mú òun nígboro Warsaw lábẹ́ orúkọ ẹlòmíì, kó lè dé àgọ́ Auschwitz tí wọ́n ti ń pa èèyàn, kó sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Nọ́ńbà 4859 ni wọ́n kọ sí i. Ó lò ju ọdún méjì àbọ̀ lọ níbẹ̀ kó tó sá jáde ní 1943. Ìjọba kọ́múníìsì orílẹ̀-èdè tiẹ̀ ló wá yìnbọn pa á ní 1948, wọ́n sì bo orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ìjọba náà fi wó.

Ti Pilecki yàtọ̀ sí tiwa o. Ìtìjú ìjọba ló bo òun mọ́lẹ̀, kì í ṣe ìbúra iṣẹ́. Ẹ má jẹ́ ká po ẹ̀kọ pọ̀ mọ́ àmàlà.

———

Ọmọ Gberefu:

Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi jù lọ lánàá ni ti bàbá àgbàlagbà tó ní ká fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní awo ní í gbé awo ní gbọ̀n-ọ́n-wọ́. Ó ní ṣé àwa Ògù, ọmọ Àgbádárìgì, ti gbàgbé Sàngbétò ni?

A ò gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ará ibí, ẹni òru ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Òun ló ń ṣọ́ ìlú lóru kí ọlọ́pàá tó dé, ó sì ń ṣọ́ ọ di báyìí. Bí òkìtì koríko ni ẹ ó rí i, tó ń yí bírí. Tí wọ́n bá yí i dojú dé lójú agbo, ẹ ó wò ó, òfìfo. Ọmọ Ògù tó bá bi yín pé ta ló wà nínú rẹ̀, kò tíì gbọ́n.

Bàbá yẹn ní bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kó má ṣí ìbòjú fún ìyìn. Mo sun lórí ẹ̀, mo sì jí pẹ̀lú èsì. Iṣẹ́ Sàngbétò ni kò lórúkọ, sà. Ṣùgbọ́n bí Sàngbétò bá bọ́ koríko sílẹ̀, tó dé ilé, tó rí ọmọ aládùúgbò nínú kànga, tó bẹ́ sí i, ṣé a ó ní awo ni ìyẹn náà? Ohun tí bàbá ṣe fún ìjọba, ìjọba ló ni àṣírí rẹ̀, kó máa gbé e lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án inú yàrá ẹ̀yìn kì í ṣe ti ìjọba. Wọn ò rán wọn, wọn ò sanwó rẹ̀, wọn ò búra lé e lórí.

Bí ti Foley ṣe jáde náà nìyẹn. Kì í ṣe àwọn tó gbà á síṣẹ́ ló kọ́kọ́ pariwo. Ní 1961, tí wọ́n ń ṣẹjọ́ Eichmann, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Hitler tó ṣètò bí wọ́n ṣe pa àwọn Júù, ní Jerúsálẹ́mù, ẹlẹ́rìí kan tó ti wà ní Berlin dárúkọ rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ní 1999, Ísírẹ́lì fi orúkọ rẹ̀ kún ti àwọn olódodo láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, oyè tí wọ́n ń fún ẹni tí kì í ṣe Júù tó gba Júù là. Ère rẹ̀ tó wà ní Stourbridge, ìlú tó kú sí, ọdún 2018 ni wọ́n ṣí i. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú. Àwọn tó lu òǹtẹ̀ fún, àti ọmọ wọn, ló sọ ọ́ títí ayé fi gbọ́.

Nítorí náà, ẹ má lọ tọrọ ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ́fíìsì kankan.

———

Ọmọ Gberefu:

Nǹkan kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn, mo padà wá torí ẹ̀.

Ìyàwó wa, ẹ ní ìyá ọkọ yín nìkan ló dákẹ́ nígbà tí wọ́n dárúkọ fèrèsé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ta ló ń sebẹ̀? Ta ló ń fọ aṣọ ìdílẹ̀dí ọmọ, níbo ló ń sá a sí tí aládùúgbò ò fi rí i? Ẹ ò rí i pé gbogbo wa ti ń jà lórí bàbá láti ọjọ́ yìí, a ò sì béèrè Màmá. Foley náà níyàwó, inú ilé obìnrin yẹn ni àwọn tó ń sá pamọ́ ń sùn sí, ìwọ̀nba sì lẹni tó ń dárúkọ rẹ̀.

Kí ẹ tó dá ẹni tó ń gbẹ́ mábù lóhùn, ẹ lọ jókòó ti Màmá.

———

Ìyá Ìbejì, Àjárá:

Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá. Mo lọ. Mo mú ẹ̀kọ tútù àti ẹja dání kó má dà bí ìwádìí.

Màmá kọ́kọ́ ní àwọn ò rántí. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní àwọn làwọn sọ fún bàbá pé kí wọ́n dí fèrèsé náà, torí igbe ìkókó ń dé ilé kejì, ọlọ́pàá ló sì ń gbé ilé kejì. Bàbá fúnra wọn ló po símẹ́ńtì lóru. Kò gbẹ dáadáa, àwọn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo bi wọ́n pé ṣé ìyá ará Gánà yẹn fún wọn ní nǹkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó fẹ́ fún àwọn ní yẹtí rẹ̀, àwọn sì bú u.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ títí di báyìí.

Mo wá béèrè ohun tí ká kọ sára mábù. Màmá ní kí a kọ orúkọ wọn àti ọdún tí wọ́n fi wà láyé, kí a fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún tàwọn.

———

Ọmọ Gberefu:

Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní ọmọ Gberefu dọ̀bálẹ̀.

Ẹ wọn àyè náà kí ẹ tó sanwó, iye lẹ́tà ni wọ́n fi ń gba owó. Kí ẹ sì dúró ti oníṣẹ́ náà lọ́jọ́ tó bá ń rì í mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá rí ibi tó ṣófo báyìí, wọ́n á ní àṣìṣe ni, wọ́n á fi símẹ́ńtì dí i.